Mo ka Going Solo tán: ìwé awa-bàálù tó fi aṣọ di imú

₦1,200 ni mo ra Going Solo ti Roald Dahl, òǹkọ̀wé òyìnbó kan, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tẹ́ ògbólógbòó ìwé sílẹ̀ nítòsí Post Office n'Ílọrin. Ó búra pé ewé kan ò já níbẹ̀. Mo délé ní Tánkẹ̀, mo ṣí i, ewé mẹ́rin jábọ́ sí mi lórí itan. Gọ́ọ̀mù ni mo fi lẹ̀ wọ́n.

Ìtàn ara rẹ̀ ni Dahl kọ, ó sì jáde ní 1986. Iṣẹ́ epo Shell ló gbé e wá sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1938, Dar es Salaam ló sì wà tí ogun Hítílà fi bẹ̀rẹ̀. Ó wa mọ́tò lọ sí Nairobi, ó lọ forúkọ sílẹ̀ láti máa wa bàálù ogun. Àwọn 16 ló jọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní kó tó pé ọdún méjì, 13 ti kú nínú wọn. Bí ẹni ń ka iṣu tó kù lórí àtẹ ló ṣe sọ ọ́, ó sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Mo gbé ìwé sílẹ̀ ná.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù kò ní ìbọn nínú. Dahl ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àbọ̀. Bàálù Tiger Moth tí wọ́n fi kọ́ ọ kò ní òrùlé, gíláàsì iwájú rẹ̀ kò sì ga tó o, gbogbo orí rẹ̀ ló yọ síta. Bí bàálù bá ti gbéra, atẹ́gùn á dí i nímú, á dí i lẹ́nu, kò ní lè mí. Á tẹ orí ba, á mí díẹ̀, á tún gbé orí sókè. Ìgbà tó yá ló wá fi aṣọ òwú fẹ́lẹ́ kan di imú àti ẹnu, wàhálà tán. Ẹ̀rín pa mí! Èmi tí mò ń gun máṣíìnì láti Ìlọrin lọ sí Ọ̀fà nígbà ọyẹ́, ìyá mi ti já etí ìborùn rẹ̀ fún mi tipẹ́: "Ọkọ mi, di imú rẹ, eruku Àjàṣẹ́ ò mọ ọmọ ẹnì kan."

Ní September 1940, wọ́n júwe ibi tí kò sí fún un. Ó ń gbé bàálù ogun Gladiator lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú aṣálẹ̀ Íjíbítì. Ó débẹ̀, kò rí pápá bàálù kankan, ilẹ̀ ń ṣú, epo ń tán. Ó fi bàálù gbálẹ̀. Agbárí rẹ̀ sán, imú rẹ̀ wọnú, ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, iná sì sọ. Ó ní oorun lásán ló ń wu òun, pé ooru iná ló jẹ́ kóun tú bẹ́líìtì, kóun wọ́ jáde, bí ọta ìbọn inú bàálù ṣe ń bú gbàù lẹ́yìn òun. Ibí yìí nìkan ti tó owó mi. Ó pẹ́ ní ọsibítù ní Alẹkisáńdíríà kí ojú tó là.

Ogun Gíríìsì ní April 1941 dùn, àmọ́ bàálù pọ̀ níbẹ̀ débi pé mo máa ń pàdánù ta ni ó ń lé ta.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ti Mdisho, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Dar es Salaam. Lálẹ́ ọjọ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀, Mdisho gbé idà Lárúbáwá ara ògiri ọ̀gá rẹ̀, ó lọ bẹ́ òyìnbó Jámánì kan lórí. Dahl ní kó pa á mọ́ra, ó sì fún un ní idà náà. Kí ló gba inú ọkàn Mdisho kọjá lójú ọ̀nà àbọ̀? Ojú ọ̀gá nìkan la fi rí i. Bàbá bàbá mi lọ sí Bọ́mà nínú ogun kan náà. Òjò àti ẹ̀fọn nìkan ló máa ń sọ fún wa, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Bí ẹ bá rí i, ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ ṣí i wò kí ẹ tó sanwó. Tèmi ti wà lọ́wọ́ àbúrò mi báyìí, ó sì ní gọ́ọ̀mù ti ń tú.