Oṣù mẹ́rin pẹ̀lú User Mode Linux lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀

Láptọ́ọ̀pù mi kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé síta yangàn. Tòkunbọ̀ ni, Ìlọrin níbí ni mo ti rà á, RAM rẹ̀ ò ju 4 GB lọ, bátìrì rẹ̀ ò sì lè fara da wákàtí méjì. Ẹni tó lò ó ṣáájú mi ti fi pásíwọ́ọ̀dù ti BIOS rẹ̀ (ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ẹ̀rọ kí Linux tó dìde) pa, ó sì ti pa ohun tó ń jẹ́ kí KVM, èyí tí Linux fi ń gbé kọ̀ǹpútà mìíràn sínú kọ̀ǹpútà, ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá mi tan án. Èmi rèé, mo fẹ́ kọ́ bí kernel Linux, ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, ṣe ń ṣiṣẹ́, kí n máa yí ìlà kan padà nínú kóòdù rẹ̀, kí n máa wo ohun tó máa bàjẹ́. Ṣé mo wá máa gbé kernel tí mo ti dojú rẹ̀ rú sórí láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń jẹun ni? Tó bá kọ̀ tí kò dìde ńkọ́?

User Mode Linux ni mo sá bá. Kernel Linux gan-an ni, àmọ́ kì í jókòó lórí ẹ̀rọ ní tààrà. Orí Linux tó ti wà nílẹ̀ ló ń jókòó lé, bí ètò kan lásán láàárín àwọn ètò yòókù. Tí ẹ bá kọ́ ọ tán, ìyẹn tí ẹ bá sọ kóòdù rẹ̀ di ètò tó lè ṣiṣẹ́, fáìlì kan tó ń jẹ́ linux lẹ máa rí, ./linux lẹ sì máa fi ṣí i. Kò béèrè root (àṣẹ ọ̀gá ẹ̀rọ), kò béèrè KVM. Tó bá ṣubú, òun nìkan ló ṣubú. Jeff Dike ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1999, láti 2002 ló sì ti wà nínú kóòdù kernel fúnra rẹ̀, nítorí náà kò sí ibòmíràn tí ẹ máa wá a lọ. Mo fi dátà òru gba kóòdù kernel ẹ̀dà 6.6 sílẹ̀, bíi 140 MB, ó parí.

Kò sẹ́ni tó máa tà á fún yín, kò sì sẹ́ni tí ẹ máa pè tó bá kọ iṣẹ́. Ibi tí gbogbo dídùn àti kíkorò rẹ̀ wà ni ìgbà tí ẹ bá ń yan ohun tó máa wọ inú kernel àti ohun tí kò ní wọ̀ ọ́. Àṣẹ mẹ́ta ni, àkọ́kọ́ ń fi yíyàn ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, èkejì ń ṣí mẹ́nù tí ẹ ti máa yàn, ẹ̀kẹta ń kọ́ ọ:

make ARCH=um defconfig
make ARCH=um menuconfig
make ARCH=um

Ẹ wo ARCH=um yẹn dáadáa o. Lọ́jọ́ kejì tí mo fẹ́ tún nǹkan kan yàn, mo kàn tẹ make menuconfig. Mẹ́nù ṣí, kò bínú, kò kìlọ̀. Mo rí oríṣiríṣi káàdì Wi-Fi, ohùn, àwòrán, mo ní háà, nǹkan ti pọ̀ sí i lóru. Mo ṣàtúnṣe, mo tọ́jú rẹ̀, mo jáde. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé mẹ́nù ti x86, ti ẹ̀rọ gidi, ni mo ṣí, ó sì ti kọ ọ́ lé .config mi lórí, fáìlì tí ohun tí mo yàn wà. Nígbà tí mo wá dá ARCH=um padà, ìbéèrè ló ń bi mí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọlọ́pàá, mo ń tẹ Enter, mo ń tẹ Enter, títí ó fi kú sójú ọ̀nà. Àfi make ARCH=um mrproper, èyí tó gbá gbogbo ilé mọ́, tó sì gbá àwọn ohun tí mo ti yàn dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi alias (àgékúrú àṣẹ) kan sínú .bashrc mi tó máa ń fi ARCH=um sí i fúnra rẹ̀, tó sì ń fi O=../um darí gbogbo èso iṣẹ́ sí fódà ọ̀tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe èyí ṣáájú ohun gbogbo. Mi ò mọ ìdí tí wọn ò fi jẹ́ kí mẹ́nù náà kígbe nígbà tó bá rí i pé .config tó wà nílẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Kíkọ́ rẹ̀ yára ju bí mo ṣe rò lọ, torí kò ní àwọn awakọ̀ ẹ̀rọ (driver) rẹpẹtẹ tí kernel gidi ní. Mo tẹ make, mo jáde lọ ra wàrà díndín lójú títì. Ìyá tó ń dín in kò tíì kó tèmi kúrò nínú epo tán tí àbúrò mi fi fi fóònù pè mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti dúró o, kò sí pupa níbẹ̀."

Àmọ́ pé ó kọ́ kò ní kó dìde. Nínú mẹ́nù, oríṣi àmì mẹ́ta lẹ máa rí: ìràwọ̀, M, àti òfìfo. Ìràwọ̀ ni pé kí wọ́n pò ó mọ́ kernel fúnra rẹ̀. M ni pé kó wà níta gẹ́gẹ́ bíi módúùlù, kí kernel lọ gbé e tó bá yá. Èmi, nítorí pé mo fẹ́ kí fáìlì mi kéré, M ni mo fi sí ọ̀pọ̀ nǹkan, títí kan ext4, ọ̀nà tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí díìsì. Mo ti to Alpine, Linux kékeré kan, sínú fáìlì kan tẹ́lẹ̀, mo fi fakeroot àti mke2fs -d ṣe é, tí mi ò fi nílò root rárá. Mo wá ṣí i:

./linux mem=512M ubd0=rootfs.img root=/dev/ubda

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kọjá lójú iboju. Ó yẹ ptrace, ohun tí ètò kan fi ń ṣọ́ ètò mìíràn, wò, ó ní OK. Ó yẹ /dev/shm, fódà tó wà nínú ìrántí, wò, ó ní OK. Inú mi ti ń dùn. Ó dé ibì kan, ó ní Kernel panic, VFS: Unable to mount root fs on unknown-block(98,0).

Alẹ́ kan gbáko ni mo fi wá ohun tó ń ṣe fáìlì Alpine mi. Kò sóhun tó ṣe é. Mo ti kó módúùlù ext4 sínú fáìlì tó jẹ́ pé ext4 nìkan ló lè ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ àpótí ni mo tì mọ́ inú àpótí! Ohun tó sì yẹ kó là mí lójú wà nínú àkámọ́ yẹn: 98 ni nọ́ńbà ubd, díìsì User Mode Linux. Tí ẹ bá rí 98, kernel ti rí díìsì, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kà á ni. Tó bá jẹ́ (0,0) lẹ rí, díìsì gan-an ni kò rí, ẹ lọ wo bóyá ẹ fi ìràwọ̀ sí ubd, tàbí bóyá ẹ ṣi orúkọ rẹ̀ kọ. Mo lọ sí ext4, mo tẹ Y, mo tún un kọ́, ó dìde, ó ní kí n wọlé. Ohun kan náà ló máa ṣe yín tí ẹ bá fẹ́ fi hostfs, èyí tó ń ka fódà láptọ́ọ̀pù yín ní tààrà, ṣe root (fódà tí gbogbo fáìlì ti bẹ̀rẹ̀) tí ẹ sì fi M sí i.

Hostfs yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ máa wà nínú kernel kejì, ẹ máa mount fódà láptọ́ọ̀pù yín síbẹ̀ bí ẹni ṣí yàrá kejì. Mi ò kó fáìlì kiri mọ́.

Nípa console, ojú ibi tí ẹ ti ń tẹ àṣẹ: ibi kan wà nínú mẹ́nù tí wọ́n ti ń béèrè ibi tí ẹ fẹ́ kí console yòókù máa ṣí sí. Mo kọ xterm síbẹ̀, bí ó ṣe dìde ni fèrèsé ń yọ lójú iboju mi bí olú, ọ̀kan lórí èkejì. Ẹ kọ pts síbẹ̀ kí ọkàn yín balẹ̀.

Mo gbé fáìlì linux náà sínú flash fún àbúrò mi kejì tó wà ní Ọ̀fà. Ó kọ̀ jálẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ní GLIBC (àkójọ kóòdù tí ọ̀pọ̀ ètò Linux gbára lé) tí òun fẹ́ kò sí níbẹ̀. Mo pa dà sínú mẹ́nù, mo fi ìràwọ̀ sí Force a static link, kó lè gbé gbogbo ohun tó nílò sínú ara rẹ̀, mo tún un kọ́, mo fi ránṣẹ́. Ó ṣí.

Iná wá ńkọ́? Ní Tanke tí mò ń gbé, ìgbà tó bá wù ú ló ń wá, ìgbà tó bá wù ú ló ń lọ. Lọ́jọ́ kan láptọ́ọ̀pù kú pátápátá nígbà tí Alpine ń fi nǹkan sórí díìsì. Ohun tó gbà mí ni COW (copy-on-write), tó ń kọ àyípadà sí fáìlì ọ̀tọ̀: ubd0=cow,rootfs.img ni mo kọ, nítorí náà inú fáìlì cow ni gbogbo ohun tí mo yí padà wà, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan rootfs.img. Mo pa cow rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ tuntun, ìṣẹ́jú kan ò kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan fáìlì ìsàlẹ̀ yẹn o. Cow ti kọ àkókò tí wọ́n yí i padà kẹ́yìn sórí ara rẹ̀, tí àkókò náà bá yí, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

Àléébù rẹ̀ wà. Gbogbo ìgbà tí ètò inú rẹ̀ bá pe kernel, ptrace ló ń gbà kọjá, èyí sì ń fà á sẹ́yìn. Ìṣirò lásán kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́, àmọ́ tí ẹ bá ní kó tú àpò tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké, ẹ lọ sùn. Nẹ́tíwọ́kì náà ni ibi tí mo ti padà nílò root, láti ṣe tap (káàdì nẹ́tíwọ́kì àfọwọ́dá) lórí láptọ́ọ̀pù. Gdb, ètò tí wọ́n fi ń wá àṣìṣe inú ètò, tún máa ń dúró lórí àmì SIGSEGV ṣáá, torí òun ni User Mode Linux fi ń mọ̀ pé ìrántí kan ò tíì sí nílẹ̀. Ẹ sọ fún gdb pé kó máa gbà á kọjá: handle SIGSEGV pass nostop noprint.

Ẹni tó bá fẹ́ fi gbé sáfà fún oníbàárà, kó wá nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ kernel tí kò sì lówó kọ̀ǹpútà kejì, èmi ò tíì rí ohun tó dà bí i rẹ̀. Àwọn tó ń kọ kernel fúnra wọn ń lò ó: tí ẹ bá ṣí kunit.py run, ètò ìdánwò inú kóòdù kernel, láìsọ irú ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ fún un, orí rẹ̀ ló ń ṣe ìdánwò.

Ní báyìí, make ARCH=um savedefconfig ni mo fi ń tọ́jú ohun tí mo bá yàn. Ó ń gé .config gígùn náà kù sí ìwọ̀nba ìlà tó yàtọ̀ sí ohun tí kernel máa yàn fúnra rẹ̀, mo sì ń fi ránṣẹ́ sí ara mi lórí WhatsApp. Láti ẹ̀dà kernel 6.16 ni wọ́n ti ń jẹ́ kí seccomp, ohun mìíràn tó lè dá ìpè ètò sí kernel dúró, ṣe iṣẹ́ ptrace yẹn, wọ́n ní ó yára jù ú lọ. Dátà òru ni mò ń dúró dè.