Bíbélì Yorùbá àbí ti Faransé: èwo ni kí ẹgbẹ́ Bíbélì ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, mú?

Ti Faransé yá àwọn ọ̀dọ́ lára, torí òun ni wọ́n fi kọ́ ìwé kíkà. Ti Yorùbá, àmì ohùn rẹ̀ a máa dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ẹ̀mí Mímọ́: Faransé gbọ́dọ̀ pè é ní «il», bí ẹni pé ọkùnrin ni, «ó» tiwa kò yan akọ, kò yan abo. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀.

Ewu tiwa ni «Èṣù» tí Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther túmọ̀ fi pe Sátánì. Èṣù tí wọ́n ń kì ní Alákétu! Ní Kétu níbí, ìyẹn lè dá àríyànjiyàn sílẹ̀. «Diable» tí Faransé ń lò kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Bí ọmọ iléèwé bá pọ̀, ẹ mú ti Faransé. Bó bá jẹ́ àwọn ìyá wa ni, tàbí ẹ fẹ́ jíròrò jinlẹ̀, ti Yorùbá ni.