Numista ni mo fi mọ owó Òyìnbó àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀

Iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni bàbá mi ṣe. Apapa, Liverpool, Rotterdam, Hamburg, ibi tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń mú owó onírin bọ̀. Nígbà tí wọ́n papò dà, èmi ni agolo owó náà kàn. Tọ́rọ́ àti sísì Gẹ̀ẹ́sì kò ṣòro fún mi láti dá mọ̀. Àwọn yòókù ló gbé mi dé Numista, kátálọ́ọ̀gì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn olùkówójọ káàkiri ayé jọ ń kọ. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ lè fi fọ́tò wá owó, ẹ sì lè tẹ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ síbẹ̀. HELVETIA gbé mi dé Switzerland, MAGYAR gbé mi dé Hungary. Ojú ewé owó kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tí wọ́n fi rọ ọ́, bó ṣe wúwo àti bó ṣe fẹ̀ tó. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ra òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò. Fọ́tò máa ń dábàá, òṣùwọ̀n ló ń dájọ́.

Ẹ wo èyí tí gbogbo ẹbí ń pè ní wúrà. Orí Victoria, ọbabìnrin Britain, wà lójú kan, ọkùnrin orí ẹṣin àti dírágónì wà lójú kejì, ó fẹ́ jọ sovereign, owó wúrà Britain. Sovereign gidi wúwo tó gíráàmù 7.98, tiwa kò tó 4. Tókìnì idẹ ni, ìyẹn ohun tó jọ owó ṣùgbọ́n tí kì í ṣe owó ìjọba, wọ́n sì kọ TO HANOVER 1837 sí i. Ọdún yẹn ni Victoria jọba ní Britain, ṣùgbọ́n òfin Hanover, ilẹ̀ Jámánì tí ọba Britain ti ń ṣàkóso títí di ìgbà náà, kò gbà kí obìnrin gorí ìtẹ́ nígbà tí ọkùnrin ṣì wà nínú ìdílé. Àbúrò bàbá rẹ̀, Ernest Augustus, Duke of Cumberland, ló lọ jọba níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ará Britain kò fẹ́ràn ọkùnrin náà rárá. Tókìnì yìí ni wọ́n fi ń fi í ṣẹ̀sín pé kó máa lọ. Wọ́n tún ń lò ó nídìí káàdì, àwọn gbájúẹ̀ sì ń ná an fún ẹni tí kò bá wò ó dáadáa. Àwọn àbúrò mi fajú ro pé kì í ṣe wúrà. Ní tèmi, n kò ní fi ìtàn yẹn ṣe pàṣípààrọ̀.

Fàdákà ńlá kan tún wà, 1780 ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú orí Maria Theresa, obìnrin tó ṣàkóso Austria. Ibí ni mo ti dúpẹ́ jù, torí 1780 yẹn kò sọ ọjọ́ orí owó náà. Ọdún tí obìnrin náà kú ni. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ọdún kan náà rọ ọ́, ní Vienna, Rome, London àti Bombay, nítorí pé òun ni àwọn oníṣòwò Etiópíà àti ilẹ̀ Lárúbáwá fọkàn tán. Gíráàmù 28 àti díẹ̀ ni gbogbo wọn. Ìyẹ́ ìrù idì tó wà lójú kejì owó náà àti ìlẹ̀kẹ̀ ara bíróṣì tó wà láṣọ obìnrin náà ni wọ́n fi ń mọ ìyàtọ̀, ẹ ó sì nílò dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá.

Owó síńkì Netherlands tó ní ọkọ̀ ojú omi lára, ti ìgbà tí Jámánì gba ilẹ̀ wọn, rọrùn láti rí. Wertmarke Jámánì ló le: idẹ tí wọ́n kọ 10 sí, tí wọ́n fi ń gba bíà tàbí oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ni kò ní orúkọ ilé iṣẹ́, ìrísí wọn sì pọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín ní ọ̀wọ́n.

Iye owó tí ẹ bá rí lórí Numista, ìdíyelé ni. Oníṣòwò tó fẹ́ jèrè kò ní san tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí eérú fọ owó kankan. Dúdú tó dú yẹn ni àwọn olùkówójọ fẹ́.

Mo ti ń to owó bàbá mi sínú àkójọ tèmi lórí Numista, ẹ̀gbọ́n mi ní Manchester sì ń wò ó láti ọ̀hún. Àyè wà láti fi tókìnì tí kò tíì sí níbẹ̀ kún un, mo sì ti ya fọ́tò àwọn tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́.