Táyà mẹ́rin la ó máa yí, àbí márùn-ún pẹ̀lú sípíà?

Ní Kétu níbí, táyà mẹ́rin nìkan ni ọ̀pọ̀ onípíkọ́ọ̀pù máa ń yí: ti iwájú sẹ́yìn, ti ẹ̀yìn síwájú, ní bíi 8,000 sí 10,000 kìlómítà. Ó yá, owó rẹ̀ ò pọ̀. Àmọ́ sípíà á wà lábẹ́ ọkọ̀, erùpẹ̀ pupa á bò ó, rọ́bà rẹ̀ á máa gbó láìtíì fojú kan títì. Mo fa irú rẹ̀ jáde rí lọ́nà Pobẹ̀: ojú rẹ̀ tuntun, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán wẹ́rẹwẹ̀rẹ.

Márààrún ni èmi fara mọ́, bí ìwọ̀n sípíà àti irú rẹ̀ bá bá ìyókù mu. Gbogbo wọn á jọ máa jẹ bákan náà. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà nílò èyí gan-an, torí táyà tuntun kan láàárín àwọn tó ti jẹ máa ń ni gíà lára.

Sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré inú táyà tó ń wọn atẹ́gùn rẹ̀, nìkan ni wàhálà ibẹ̀. Bí sípíà ò bá ní in, iná á tàn níwájú awakọ̀, kò sì ní kú. Ẹ ra sẹ́ńsọ̀ ìkarùn-ún. Bátìrì inú rẹ̀ sábà máa ń lo ọdún 5 sí 10. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ sọ ipò táyà kọ̀ọ̀kan fún lẹ́yìn tí wọ́n bá yí i.