Nígbà tí iṣẹ́ bá ń kó àárẹ̀ bá ọkàn: ọ̀rẹ́ ni kí n bá sọ̀rọ̀, àbí dókítà?

Ọ̀rẹ́ kì í gba kọ́bọ̀. Lálẹ́ tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí ariwo ọ̀gá ṣì ń ró létí rẹ, fóònù kan ti tó. Ti dókítà gba owó káàdì, owó ọkọ̀ àti àyè lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan kì í sì í sábà tó.

Àṣírí ńkọ́? Ibí ni mo ti ń kìlọ̀ gan-an. Ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ lè fẹ́ ọ dénú, síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nídìí oúnjẹ ọ̀sán, kó sì détí ọ̀gá. Òfin iṣẹ́ dókítà de ẹnu tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ á ní, "Fọkàn balẹ̀, á dáa." Dókítà á bi ọ́ bí o ṣe ń sùn, bí o ṣe ń jẹun, àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rù kí aráyé má sọ pé "ó ti lọ sí Àró" ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní 1954 ni dókítà Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú aláìsàn ọpọlọ báyìí nílé ìwòsàn Àró yẹn, l'Abẹ́òkúta: wọ́n á gbàtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á sùn láàárín ará abúlé lálẹ́.

Bó bá jẹ́ wàhálà ọ̀sẹ̀ yìí ni, ọ̀rẹ́ tàbí ẹ̀gbọ́n tí kò sí níbi iṣẹ́ rẹ ló yẹ. Bí o kò bá rí oorun sùn mọ́, tí nǹkan kan ò wù ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà ni. Bí èrò ikú bá ń wá, má dá wà: kí ọ̀rẹ́ yẹn mú ọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.