Abẹ́rẹ́ ọrùn tàbí ti abíyá fún iṣẹ́ abẹ apá?

Abẹ́rẹ́ tó ń pa iṣan ìmọ̀lára apá kú kí iṣẹ́ abẹ má baà dun aláìsàn là ń sọ. Èjìká ni abẹ́rẹ́ ọrùn, interscalene, wà fún. Kì í sábà dé ìka ọmọńdinrín, nítorí náà ẹ má lò ó fún ọwọ́. Èémí ni ewu rẹ̀ wà: bí oògùn bá tó mílílítà 20, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo aláìsàn ni ìdajì iṣan tí a fi ń mí máa dáṣẹ́ sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Pẹ̀lú ultrasound, ẹ̀rọ tó ń fi inú ara hàn, mílílítà 5 sí 10 lè tó. Ewu á dín kù, kò ní tán. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un.

Ti abíyá kì í dí èémí lọ́wọ́. Fún ọwọ́, òun la fara mọ́. Iṣan ìmọ̀lára kan tó ń jẹ́ musculocutaneous ló máa ń bà á jẹ́: inú ẹran apá ló fara pamọ́ sí. Bẹ́ ẹ kò bá fún un ní nǹkan bí mílílítà 5 tirẹ̀, aláìsàn á pariwo bí abẹ bá kan ẹ̀gbẹ́ apá níhà àtàǹpàkò.

Bupivacaine, oògùn tó ń pa ibẹ̀ kú, kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 2 fún kílò kan: ẹni 60 kílò, mílílítà 24 ti 0.5% (mílígíráàmù 5 nínú mílílítà kan) ni òpin. Ẹ fa síríńjì sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó tì í, kẹ́ ẹ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ á jáde. Bí ètè bá ń kú tàbí etí ń hó, ó lè jẹ́ pé oògùn ti wọ ẹ̀jẹ̀: ẹ dúró lójú ẹsẹ̀.