Canon 4000D fún kíláàsì fótò: ó tó lò, àmọ́ ẹ ṣọ́ ekuru ọyẹ́

Fótò wà lára iṣẹ́ ọwọ́ 34 tí ìjọba àpapọ̀ kó wọ sẹ́kọ́ńdìrì ní 2011, kí wọ́n tó dín wọn kù ní 2025. Ìwé ẹ̀kọ́ dé, kámẹ́rà ò bá a dé. Ilé-ìwé tó bá ń wá tòkúnbọ̀ tí ọmọ mẹ́wàá á jọ máa lò ní Kàbbà, Mọ̀pà tàbí Ẹ̀gbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogí, kó yẹ Canon 4000D wò. 2018 ló jáde. Mẹ́gápíksẹ̀lì 18 ni, lẹ́ńsì 18-55mm III ló sì sábà máa ń bá a wá.

Ìwà ahun ni Canon fi ṣe é. Ike ni ibi tí lẹ́ńsì ti ń há, ọwọ́ la sì fi ń gbé fíláàṣì rẹ̀ sókè. Ọmọ tó ń lo awò ojú á wò ó tòun ti awò rẹ̀, torí kò síbi tí a ti ń yí ihò ìwòran kó lè bá ojú mu. Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà.

Ekuru ni kò ṣeé fojú fò. Kámẹ́rà yìí kì í gbọn ekuru dànù fúnra rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, tí ilẹ̀ pupa wa gbẹ, ẹ̀ẹ̀kan péré tí ọmọ kan tú lẹ́ńsì nínú afẹ́fẹ́, ó ti wọlé bà lé sẹ́ńsọ̀, awo tó ń gba àwòrán, nìyẹn. Ẹ fi sí Av (ibi tí ẹ ti ń yan bí ihò lẹ́ńsì ṣe máa fẹ̀ tó), f/22 (ihò tó kéré gan-an), ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ tó), ẹ ya ògiri funfun, kí ẹ fẹ fótò náà lójú. Àmì dúdú tí kì í kúrò lójú kan nínú gbogbo fótò, ekuru ni. Kí bátìrì kún dáadáa, ẹ yan ìfọ̀mọ́ afọwọ́ṣe nínú mẹ́nù kí dígí inú lè gbéra, ẹ dojú kámẹ́rà délẹ̀, kí ẹ wá fi róbà afẹ́fẹ́ fẹ́ sẹ́ńsọ̀. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ o. Itọ́ ló máa kù síbẹ̀.

Ibi tí fíláàṣì òde ti ń há kò ní irin àárín, nítorí náà tírígà (ohun tó ń tan fíláàṣì láti òkèèrè) pọ́ọ́kú tí kò gbọ́ èdè Canon kò ní ṣiṣẹ́. Fèrèsé àti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun tó fún ìmọ́lẹ̀.

Níbi ẹ̀kọ́ gan-an ló ti gba máàkì. Ẹ gbé e lọ síwájú òfì ìyá tó ń hun aṣọ ní Bùnú, ẹ fi sí Tv, níbi tí ẹ ti ń yan ìdá ìṣẹ́jú-àáyá tí ṣọ́tà, ilẹ̀kùn inú kámẹ́rà, á fi ṣí. Ní 1/250, ọwọ́ ìyá á dúró gbagidi, òwú á hàn lọ́kọ̀ọ̀kan; ní 1/15, òfì nìkan ló máa dúró, ọwọ́ á dà bí èéfín. Fún 1/15, ẹ gbé kámẹ́rà lé àga, torí lẹ́ńsì tó ń jẹ́ III yìí kì í gba gbígbọ̀n ọwọ́ mọ́ra. Ní 55mm, tí lẹ́ńsì bá sún nǹkan mọ́ra dé òpin, ẹ má sọ̀kalẹ̀ ju 1/100 lọ. Bí ìyá bá dúró síwájú ògiri funfun, ojú wọn á ṣú, torí kámẹ́rà ń fa gbogbo ohun tó bá mọ́lẹ̀ jù wálẹ̀. Ẹ di bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Av± sí mú, ẹ yí kẹ̀kẹ́ kékeré òkè kámẹ́rà dé +1 kí fótò lè mọ́lẹ̀ sí i.

Bátìrì LP-E10 á ya bíi fótò 500 bí wọ́n bá ń wo inú ihò; síkírìnì ẹ̀yìn ń jẹ ẹ́ yán-ányán-án. Nǹkan bíi wákàtí méjì ló fi ń kún, jẹnẹrétọ̀ ilé-ìwé mélòó ló ń ṣiṣẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ ra méjì.

Mẹ́nù rẹ̀ kì í sọ iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ya ojú ọ̀run ní 1/4000, ISO 800. Bí ẹ̀gbẹ́ kan fótò bá dúdú ju ìyókù lọ, ó ti ń rẹ ṣọ́tà nìyẹn. Ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.